Ohun Tí Adúmáadán Sè

Ọjọ́ Ajé ni kọ̀ǹpútà dé ilé wa ní Ìlàrè, nínú páálí méjì tí wọ́n fi okùn so pọ̀. Lágúnjú ọmọ mi ló fi í ránṣẹ́ láti Èkó. Iléeṣẹ́ tí ó ti ń ṣiṣẹ́ ra tuntun ní ọdún 1996 yẹn, wọ́n sì ta àwọn àlòkù fún òṣìṣẹ́ wọn. Ó fi lẹ́tà há a: "Màámi, ẹ fi kó àwọn ìwé oúnjẹ yín jọ kí eku tó jẹ wọ́n tán." Mo ka lẹ́tà náà lẹ́ẹ̀mẹta. Kò ṣòro kà. Ó kàn dùn mọ́ mi ni.

Mo ti pé ọmọ ọdún mọ́kànlélógójì kí n tó mọ ìwé kà. Ọ̀gbẹ́ni Awóníyì ló kọ́ wa ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn àgbà, ní ìrọ̀lẹ́ lẹ́yìn iṣẹ́. Nígbà tí a mọ lẹ́tà tò pọ̀, ó ní kí kálukú wa máa kọ ohun tí ó bá mọ̀ dájú, nítorí pé ẹni tó ń kọ ohun tí kò mọ̀ yóò ṣì í kọ. Àwọn kan kọ àdúrà, àwọn kan kọ orúkọ ọmọ wọn. Èmi kọ bí a ṣe ń se ègbo. Láti ọjọ́ náà n kò dúró mọ́. Ẹnikẹ́ni tí mo bá jẹun lọ́wọ́ rẹ̀, tí oúnjẹ náà sì dùn, mo máa bi í bí ó ṣe sè é, mo sì máa kọ ọ́ sílẹ̀. Àwọn tí mo ti kọ́ kí n tó mọ̀wé, mo jókòó, mo rántí wọn, mo kọ àwọn náà. Mo kọ sínú ìwé onílà, sí ẹ̀yìn kàlẹ́ńdà, sí ara páálí ṣúgà. Lókè ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo máa ń kọ orúkọ oúnjẹ, lẹ́yìn náà orúkọ ẹni tó kọ́ mi. Páálí ńlá mẹ́ta ló kún. Nígbà tí a kà wọ́n, wọ́n jẹ́ ẹgbẹ̀ta ó lé méjìlá.

Ṣùgbọ́n Sùmáyà ni kò jẹ́ kí n lè fara balẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ yẹn. Àbúrò ọkọ mi obìnrin ló bí i. Ìyá rẹ̀ kú ní ọdún tó ṣáájú, lẹ́yìn àwẹ̀. Sùmáyà ti ṣe yìgì, ọkọ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ní Màídúgùrì, ó sì fẹ́ gbéra lọ bá a ní ọjọ́ Àìkú. Ó ti wá bá mi kí kọ̀ǹpútà tó dé.

"Màámi," ó ní, "mi ò mọ nǹkan kan sè bíi ti màmá mi. Ilé-ìwé ni mo wà nígbà gbogbo. Ìgbà tí mo máa wá ráyè, wọ́n ti lọ. Ẹ̀yin ni wọ́n kọ́."

"Èmi nìkan kọ́. Gbogbo ilé ló kọ́."

"Àwọn yòókù ò kọ ọ́ sílẹ̀."

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Mo ṣèlérí fún un pé gbogbo ohun tí ìyá rẹ̀ kọ́ mi ni yóò bá a lọ sí Màídúgùrì. Odindi ọjọ́ méjì ni mo fi tú páálí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, tí mo ń sín nítorí eruku. Méje péré ni mo rí, mo sì mọ̀ dájú pé ó ju ogójì lọ. Ìwé tí mo bá gbé sí ọ̀tún, mo tún máa bá a ní òsì. Bàbá Lágúnjú, ọkọ mi, ní kí n fún ọmọ náà ní méje, kí n sì ṣàdúrà fún un. Mo ní rárá.

Nítorí náà, nígbà tí kọ̀ǹpútà dé, mo mọ̀ pé Ọlọ́run ló rán an sí mi. Àṣé inú rẹ̀ ṣófo.

"Ẹ̀rọ yìí dà bí ilé tí kò ní àga, Màmá," Solomon wí ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Solomon ní ṣọ́ọ̀bù ní Lágéré, níbi tí ó ti ń tún ẹ̀rọ ìtẹ̀wé àti rédíò ṣe kí kọ̀ǹpútà tó dé. "Ẹ nílò sọ́fíwíà."

"Kí ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀?"

"Ọgbọ́n tí à ń kó sí i lórí ni. Bí kò bá sí i, ẹ kàn lè fi aṣọ bò ó, kí ẹ gbé òdòdó lé e."

Ó ti mú irú ọgbọ́n méjì wá, nínú àwọn díìsì pẹlẹbẹ tí ó dì sínú ọ̀rá. Àwọn méjèèjì ló lè kó ìwé oúnjẹ jọ, kí wọ́n sì wá èyí tí èèyàn bá fẹ́ jáde ní ìṣẹ́jú kan. Ara mi ti ń gbóná. Ó ní ẹ̀rọ náà ti dàgbà, ikùn rẹ̀ kò gba méjèèjì. A lè máa ti inú díìsì yẹ̀ wọ́n wò títí di ọjọ́ Àbámẹ́ta. Lọ́jọ́ náà, òun yóò fi ọ̀kan sínú ẹ̀rọ gbé, òun yóò sì kó èkejì lọ.

Ó ṣí àkọ́kọ́. Àwòrán ilé ìdáná kan yọ, ó ní aṣọ fèrèsé pupa, ìkòkò kan sì wà lórí iná. Èéfín ń jáde látinú ìkòkò náà, ó sì ń lọ sókè ní tòótọ́. Bàbá Lágúnjú fa àga súnmọ́ ọn.

"Èyí ni," ó ní. "Kò sí ohun tí a tún ń bá ara wa sọ."

"Ẹ ò tíì rí èkejì."

"Ẹni tó ti rí arẹwà fẹ́, ṣé ó tún ń lọ wo òmíràn ni?"

"Ẹ bi ara yín," mo dáhùn. Solomon yíjú sí ògiri, ó ń wúkọ́.

Ọmọ́ṣaléwá ló jókòó ti ẹ̀rọ. Ó yá yàrá kan nínú ilé wa, ó sì ń tẹ̀wé ní ìjọba ìbílẹ̀ ní Ìpetumodù. Ó wà ní ìsinmi lẹ́nu iṣẹ́, ó ní òun yóò bá mi tẹ̀ ẹ́. Mo fún un ní ègbo, èyí tí mo kọ́kọ́ kọ láyé mi.

"Ó ń béèrè pé èèyàn mélòó ló máa jẹ ẹ́, mà."

"Ẹni tó bá bá wa nílé."

"Nọ́ńbà ló fẹ́."

"Sọ fún un pé a kì í ka ẹni tó ń jẹun."

Ó tẹ ohun tí mo wí. Ẹ̀rọ han pì-ì, ó kọ̀ ọ́. Ọmọ́ṣaléwá fi mẹ́fà sí i kí a lè kọjá.

"Ó tún ń béèrè ìṣẹ́jú mélòó tí ó máa fi wà lórí iná."

"Títí tí àgbàdo á fi là, tí èèyàn á lè fi ìka méjì fọ́ ọ."

Pì-ì.

"Ó fẹ́ mọ bí ààrò ṣe gbóná tó."

"Ó gbóná tó pé ẹni tó bá fọwọ́ kàn án lẹ́ẹ̀kan kò ní ṣe é lẹ́ẹ̀kejì."

Pì-ì. Bàbá Lágúnjú ní kí a máa fi iye tó bá ti wù wá sí i, ó ní ta ló máa mọ̀. Mo ní Sùmáyà ló máa mọ̀, nígbà tí ó bá jóná mọ́ ọn lọ́wọ́ ní Màídúgùrì. Ohun tó wá dùn mí jù ni pé mo béèrè ibi tí a máa kọ orúkọ ẹni tó kọ́ mi sí. Ọmọ́ṣaléwá wo òkè, ó wo ìsàlẹ̀. Àyè wà fún ohun tí à ń jẹ ṣáájú oúnjẹ, àyè wà fún ohun tí à ń jẹ lẹ́yìn oúnjẹ. Kò sí àyè fún èèyàn.

Solomon ṣí èkejì. Ojú ẹ̀rọ dúdú kirikiri. Ìlà kan péré ni lẹ́tà rẹ̀, ó pupa rúsúrúsú bí epo, ó ń ṣẹ́jú.

"Èyí ti kú," Bàbá Lágúnjú wí, ó sì dìde lọ mu omi.

"Kí ló ń sọ?" mo bi Ọmọ́ṣaléwá.

"Ó ní àyè wo lẹ fẹ́, mà."

"Àyè wo ló ní?"

"Kò ní ìkankan. Ó ní kí ẹ sọ èyí tí ẹ fẹ́, òun á là á."

Àyà mi bẹ̀rẹ̀ sí í lù kì-kì-kì bíi ti ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ kọ orúkọ ara mi, Mojíre, sí ara pátákó tí ọ̀gá wa ní kí gbogbo kíláàsì wò ó. N kò tíì rí ẹ̀rọ tó bi mí ní ohun tí mo fẹ́. Mo sọ márùn-ún: orúkọ oúnjẹ, ẹni tó kọ́ mi, ìgbà tí à ń sè é, páálí àti nọ́ńbà ìwé rẹ̀, àti bí a ṣe ń sè é. Ó gba gbogbo rẹ̀. Ó gba "títí tí àgbàdo á fi là" láì han pì-ì. Lábẹ́ ìgbà tí à ń sè é, mo ní kí Ọmọ́ṣaléwá kọ "nígbà tí òjò kò jẹ́ ká jáde." Ó gba ìyẹn náà.

"Màmá, ẹ fara balẹ̀ yàn," Solomon wí. "Èyí kò rẹwà. Tí àlejò bá dé, kò ní sí ohun tí ẹ máa fi hàn wọ́n."

"Màá fún wọn lóúnjẹ," mo ní. Ṣùgbọ́n n kò tíì sọ pé mo ti yàn. Bàbá Lágúnjú ti wo èéfín ìkòkò yẹn bí ẹni tó ń retí oúnjẹ ibẹ̀, lóòótọ́, ó sì rẹwà.

Láti ọjọ́rú títí di ọjọ́ Ẹtì, iṣẹ́ ni. A pinnu pé a kọ́kọ́ máa kún àyè mẹ́rin àkọ́kọ́ lórí gbogbo kádì, bí Solomon ṣe ń pe ojú ewé oúnjẹ kọ̀ọ̀kan nínú ẹ̀rọ, ká fi èyí tó gùn sílẹ̀ títí a ó fi rí ti Sùmáyà. Mo fi nọ́ńbà sí ara ìwé kọ̀ọ̀kan, mo ń kà, Ọmọ́ṣaléwá ń tẹ̀ ẹ́. Ìka rẹ̀ ń sáré bí òjò lórí páànù. Iná lọ lẹ́ẹ̀mejì, a dúró dè é, a jẹ ẹ̀pà, iná dé, a tún bẹ̀rẹ̀. Igba kádì kọ̀ọ̀kan tí a bá parí, ó máa na apá rẹ̀ sókè, èmi náà á na tèmi.

"Ta ni Eyínfúnjowó, mà?" ó bi mí lọ́jọ́bọ̀.

"Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ni."

"Obìnrin?"

"Ọkùnrin. Kò sí ẹni tó mọ àsáró sè tó o nílé yìí."

Ó rẹ́rìn-ín, ó tẹ̀ ẹ́, a sì ń bá iṣẹ́ lọ. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, ẹgbẹ̀ta ó lé méjìlá pé. N kò lè jẹun dáadáa, inú mi dùn jù.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, kí ó tó di aago mẹ́wàá, Sùmáyà dé. Solomon náà dé, ó gbé ẹ̀rọ tó ń tẹ ohun inú kọ̀ǹpútà sórí ìwé dání. Mo ní kí wọ́n máa bá a lọ, mo wọ ilé ìdáná lọ din mọ́sà, nítorí kò yẹ kí irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ kọjá láìsí ohun tí a ó jẹ. Mo ń retí kí n gbọ́ ariwo ayọ̀ láti pálọ̀. N kò gbọ́ nǹkan kan. Nígbà tí mo gbé àwo mọ́sà jáde, Sùmáyà ń fi etí ìborùn rẹ̀ nu ojú.

"Kò sí, mà," Ọmọ́ṣaléwá wí. Kò lè wò mí lójú. "Mo kọ Khàdíjàh, kò sí. Mo kọ Ìyá Sùmáyà, kò sí. Nínú gbogbo ohun tí a tẹ̀, kò sí ọ̀kan."

"Méje tí ẹ sọ pé ẹ ti fọwọ́ rí ńkọ́, Màámi?" Sùmáyà bi mí. "Ibo ni wọ́n lọ?"

"Mo ti sọ," Bàbá Lágúnjú wí. "Ẹ̀rọ dúdú yẹn ti gbé wọn mì. Èyí tó rẹwà kì bá ti ṣe bẹ́ẹ̀."

Solomon ti ń na ọwọ́ sí àpò díìsì rẹ̀. Mo dúró, mo di àwo mú. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ ohun tí Ọmọ́ṣaléwá wí dáadáa, ẹ̀rín sì bẹ̀rẹ̀ sí í pa mí, títí mo fi gbé mọ́sà kalẹ̀ kí ó má baà dà nù.

"Ta ló ní kí ẹ kọ orúkọ yẹn?"

"Orúkọ màmá mi ni," Sùmáyà wí.

"Mo mọ̀. Ṣùgbọ́n láti ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n tí mo ti wọ ilé yìí, ṣé o ti gbọ́ ọ lẹ́nu mi rí?"

Bàbá Lágúnjú ló kọ́kọ́ gbé ọwọ́ lé orí.

Ìyàwó kì í pe ẹni tó bá nílé ọkọ lórúkọ, ìbáà ṣe ọmọ tí wọ́n bí lánàá. Ó máa wò ó, á sì fún un ní orúkọ tó bá a mu. Mo fi ọdún mẹ́fà ju ìyá Sùmáyà lọ, ṣùgbọ́n mo bá a nílé, "ẹ" ni mo sì ń pè é títí ó fi kú. Bí ẹnu mi ṣe ń pè é ni ọwọ́ mi ṣe kọ ọ́. N kò tilẹ̀ rò ó pé ọ̀nà mìíràn wà tí èèyàn lè gbà kọ ọ́.

"Kọ Adúmáadán," mo wí fún Ọmọ́ṣaléwá.

Ó tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀rọ rò ó díẹ̀, ó ń kùn. Lẹ́yìn náà ni àwọn ìlà bẹ̀rẹ̀ sí í yọ, ọ̀kan lábẹ́ èkejì, títí wọ́n fi kún ojú rẹ̀, tí wọ́n sì ń lọ sókè. Mọ́kànlélọ́gbọ̀n.

Sùmáyà ti dìde dúró. "Gbẹ̀gìrì. Ọ̀jọ̀jọ̀. Robo. Ẹ̀fọ́ yánrin." Ó ń fi ìka tẹ̀ lé e. "Adúmáadán. Mo máa ń gbọ́ ọ nígbà tí a bá wá ọdún. Mo rò pé ẹ kàn ń kì wọ́n ni."

"Orúkọ rẹ̀ ni. Nígbà tí ó bí ọ tán tí ó padà wá kí wa, ara rẹ̀ ń dán bí ẹni fi epo pa á. Kí ni ǹ bá tún pè é?"

Ó kà á dé ìsàlẹ̀, ó tún padà sókè. "Mọ́ínmọ́ín ewé ò sí níbẹ̀, Màámi. Èyí tí wọ́n máa ń ṣe fún ìṣínu àkọ́kọ́."

Mo ronú. Mọ́ínmọ́ín yẹn ló kọ́kọ́ kọ́ mi, ọdún tí mo wọlé, nígbà tí òun fúnra rẹ̀ kò ju ọmọ ọdún mẹ́rìnlá lọ, tó tẹ́ẹ́rẹ́ bí ẹyọ ìgbálẹ̀ kan. Ìgbà tí mo wá ń kọ ọ́, mo kọ ọ́ lórúkọ tí ó ń jẹ́ lọ́jọ́ tí ó kọ́ mi.

"Kọ Òpéléngé."

Méjìlá. Mọ́ínmọ́ín ewé ló wà lókè pátápátá.

"Orúkọ mélòó lẹ wá fún èmi?" Bàbá Lágúnjú bi mí.

"Tiyín ò wọ ìwé oúnjẹ. Ẹ ò mọ nǹkan kan sè."

Solomon rẹ́rìn-ín títí mọ́sà fi há a lọ́fun. Mẹ́tàlélógójì. Mo ní ó ju ogójì lọ, ó sì ju ogójì lọ. Inú mi dùn débi pé n kò kọ́kọ́ rí i pé Sùmáyà ti padà jókòó.

"Màámi, tí mo bá bímọ sí Màídúgùrì, tí ọmọ náà bá ń ka ìwé yìí, Adúmáadán ló máa rí. Ó máa rí Òpéléngé. Á rò pé èèyàn méjì ni, kò sì ní mọ̀ pé ìyá ìyá òun ni. Ẹ fi orúkọ wọn sí i."

"Mi ò lè pa Adúmáadán rẹ́. Òun ló kọ́ mi."

"Mi ò ní kí ẹ pa á rẹ́."

Mo kọjú sí Solomon. "Ṣé a lè fi àyè kẹfà kún un báyìí, lẹ́yìn tí a ti tẹ gbogbo rẹ̀?"

Ó kọ́kọ́ mi orí sí èyí tó ní ìkòkò, ó ní àwọn tó ṣe ìyẹn ti kan gbogbo àyè rẹ̀ ní ìṣó. Ó wá fà súnmọ́ èyí tó dúdú, ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta. Ojú rẹ̀ pa, ó tún là. Lórí kádì mọ́ínmọ́ín, àyè tuntun ti yọ, ó ṣófo, ó ń ṣẹ́jú. Ó ṣí kádì ègbo, ó wà níbẹ̀. Ó ṣí ti àsáró Eyínfúnjowó, ó wà níbẹ̀. Gbogbo ẹgbẹ̀ta ó lé méjìlá ló ti la ẹnu dúró.

"Kó èkejì lọ," mo wí fún un. "Èyí ni mo fẹ́."

Bàbá Lágúnjú mí kanlẹ̀. "Ẹ jẹ́ kí n wo èéfín yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i."

Mo ní kí a pe àyè tuntun náà ní Orúkọ Tí Àwọn Òbí Rẹ̀ Sọ Ọ́. Ọmọ́ṣaléwá ti gbé ọwọ́ lé kíbọ́ọ̀dù nígbà tí Sùmáyà fọwọ́ kàn án léjìká.

"Ẹ jọ̀ọ́, Àǹtí. Màámi ni mo fẹ́ kí wọ́n kọ ọ́."

"Ìyàwó kì í pe ọmọ ọkọ lórúkọ," mo ní.

"Mi ò ní kí ẹ pè é."

Mo wo Bàbá Lágúnjú, nítorí òun ni àgbà ilé tó wà níbẹ̀, àbúrò rẹ̀ sì ni ìyá Sùmáyà. Ó fi ọwọ́ ha irùngbọ̀n.

"Ẹnu ni mo gbọ́ pé wọ́n fi òfin dè," ó ní. "Mi ò gbọ́ pé wọ́n mẹ́nu kan ọwọ́. Àwọn tó ṣòfin yẹn, ìyàwó wọn ò mọ̀wé."

Mo jókòó. Àwọn lẹ́tà orí kíbọ́ọ̀dù kò tò bí ọ̀gbẹ́ni Awóníyì ṣe tò wọ́n fún wa, mo sì ń wá wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo rí K. Mo pẹ́ kí n tó rí H. Kò sí ẹni tó fi hàn mí, wọ́n mọ̀ pé n kò fẹ́. Ìka kan ni mo fi tẹ̀ ẹ́, lẹ́tà kan lẹ́yìn èkejì, títí ó fi pé: Khàdíjàh. Ó pupa rúsúrúsú lórí ojú dúdú yẹn, lábẹ́ Òpéléngé, ẹnu mi sì wà ní pípadé. Mo jókòó, mo ń wò ó. Lẹ́yìn náà mo ní kí wọ́n ṣí kádì tó kàn, mo tún tẹ̀ ẹ́. Nígbà tí mo dé ìkẹwàá, ìka mi ti mọ ọ̀nà.

Nọ́ńbà páálí tó wà lórí kádì kò jẹ́ kí a tú nǹkan kan mọ́. Sùmáyà kàn ń na ọwọ́ sínú páálí ni, ó ń fa ìwé jáde bí ẹni ń já ewé, títí mẹ́tẹ̀ẹ̀tàlélógójì fi wà lórí tábìlì. Ó ku kí a tẹ bí a ṣe ń sè wọ́n kí ilẹ̀ tó ṣú. Solomon ti so ẹ̀rọ tó ń tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé mọ́ iná. Ọmọ́ṣaléwá fi omi fọ epo mọ́sà kúrò lọ́wọ́, ó fa àga mọ́ tábìlì.

"Ẹ kà, mà."

Mo fi gíláàsì sójú, mo gbé mọ́ínmọ́ín ewé sókè. Ẹ̀yìn kàlẹ́ńdà ni mo kọ ọ́ sí, bí ó ṣe sọ ọ́ fún mi gan-an ni mo sì ṣe kọ ọ́. Mo gbé ohùn sókè kí Sùmáyà lè gbọ́.

"Ẹ̀wà, agolo mílíìkì mẹ́fà. Rẹ ẹ́ sómi. Má kánjú bó o, ìyàwó wa."